Ilẹ̀ mì díẹ̀, ó tún mì: kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kí ló sì yẹ ká ṣe?

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ mì ládùúgbò wa lálẹ́ àná, ó tún mì nídàájí òní. Kò pẹ́ rárá: gbì kan, àwọn abọ́ dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó parí. Àwọn tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ kọ́kọ́ kéde pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.4, nígbà tó yá wọ́n ní 3.1.

Èwo ni ká mú nínú méjèèjì? Àwọn kan ní kí inú wa máa dùn, pé àwọn kékeré yìí ló ń tú agbára ilẹ̀ sílẹ̀ kí ńlá má baà wá. Àwọn mìíràn ní ńlá ló ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bó bá tún mì, ṣé ká sáré jáde ni àbí ká dúró sínú ilé? Màmá tó wà pẹ̀lú wa kò lè kúnlẹ̀ nítorí orúnkún. Ògiri sì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀; kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

---

Awo_Àpáta

Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìbejì. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú 3.4 àti 3.1. Kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà, ìwọ̀nba ibùdó ẹ̀rọ tó tètè gbọ́ ìmì náà ló sì ń lò. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ibùdó yòókù bá wọlé, tí onímọ̀ sì ti fojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà á sún sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀. Àjọ méjì sì lè máa lo ọ̀nà ìṣirò tó yàtọ̀. Ìyàtọ̀ 0.3 kò tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé nǹkan méjì ni wọ́n máa ń wọ̀n, wọ́n á sì pa méjèèjì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni agbára tí àpáta tú jáde níbi tó ti yọ̀ lára ara rẹ̀. Ẹyọ nọ́ńbà kan ni ìyẹn ní, irú 3.4 tàbí 3.1 yẹn, ibi yòówù kí ẹ wà. Ìkejì ni bí mímì náà ṣe le tó lójú ibi tí ẹ dúró sí. Nọ́ńbà Róòmù, I títí dé XII, ni wọ́n fi ń kọ ìyẹn. Ìmì kan ṣoṣo lè jẹ́ V ní ilé yín, kó jẹ́ II ní ilé ẹni tó wà ní ìlú kejì.

Ìjìnlẹ̀ àti irú ilẹ̀ ló ń ṣe ìyàtọ̀ náà. Bí 3.4 bá ṣẹlẹ̀ ní kìlómítà 3 sísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè rẹ̀ gan-an á rò pé ilé fẹ́ wó. Bó bá jẹ́ kìlómítà 60 ni, ó lè má jí ọmọdé lójú oorun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìmì 3.6 péré wáyé ní Huizinge, ní agbègbè Groningen lórílẹ̀-èdè Netherlands. Kò jìn ju bíi kìlómítà 3 lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ló sán. Gáàsì tí wọ́n ń fà jáde lábẹ́ ilẹ̀ ló fà á. Ní 2023 ni wọ́n dá fífà náà dúró. Ilẹ̀ rírọ̀ burú gan-an: ní 1985, ìlú Mẹ́síkò tó wà lórí ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ bàjẹ́ gidigidi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ni ibi tí ìmì náà ti bẹ̀rẹ̀ fi jìnnà sí i. Ẹni tó kọ́lé sórí àbàtà tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí máa gbọ́ mímì ju ẹni tó kọ́ ọ sórí àpáta lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ pé "àwọn kékeré ló ń tú u sílẹ̀". Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn, ti agbára, kì í gòkè ní ìdọ́gba. Láti 3 sí 4, ìlọ́po 10 ni bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n agbára tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 32. Láti 3 sí 5, bíi ìlọ́po 1,000. Nítorí náà, kí àwọn 3 tó lè gbé ẹrù 6 kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́dọ̀ pé bíi 32,000. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ń wáyé tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba ìyẹn lọ́wọ́ ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara yín nínú.

Èyí tó ní ńlá ń bọ̀ dandan náà ṣì í. Àwọn tó ń ka ìmìtìtì ilẹ̀ káàkiri ayé ti rí i pé nínú ìmì 100, nǹkan bíi 5 sí 6 ni èyí tó tóbi jù ú lọ máa ń tẹ̀lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta nítòsí. Ìyẹn ni pé 94 kì í ní ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n 5 tàbí 6 kì í ṣe òdo. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2011, ìmì 7.3 ṣẹlẹ̀ létí òkun Japan. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni 9.0 dé. Ní L'Aquila, ní Ítálì, ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn kékeré fi ń mì kí 6.3 tó wó ilé lu àwọn ènìyàn lóru ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2009. Ó lé ní 300 ènìyàn tó kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ibi wà tí àwọn kékeré ti mì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí wọ́n sì rọra lọ. Nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀, ìrísí méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Títí di òní, kò sí onímọ̀ kan tó tíì sọ ọjọ́, ibi àti ìwọ̀n ìmìtìtì ńlá tẹ́lẹ̀ kó sì rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "aago mẹ́ta òru ni", àhesọ ló ń pín kiri.

Nǹkan kan tí ẹ lè fi etí ara yín mọ̀: ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń rán ìgbì méjì jáde. Ti àkọ́kọ́ ń sáré ní bíi kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ló ń gbá ilé gbì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìró bí àrá lábẹ́ ilẹ̀. Ìkejì ń sá ní bíi kìlómítà 3.5, òun ló ń gbọ̀n yín sí ọ̀tún sí òsì, òun náà ló sì máa ń ba ilé jẹ́. Ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín méjèèjì, ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀: bí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣe jìnnà sí yín ní kìlómítà nìyẹn. Gbì kan tí kò ní èkejì, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, túmọ̀ sí pé ó sún mọ́ yín gan-an, ìgbì méjèèjì sì dé pọ̀.

Ẹ tún ṣèwádìí bóyá ibi tí wọ́n ti ń fi àdó fọ́ òkúta wà nítòsí. Ti àdó máa ń wáyé lọ́sàn-án, ní aago tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ á sì gbọ̀n fèrèsé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mì. Èyí tó mì lóru àti nídàájí kò jọ ọ́.

---

Olùkọ́_Ààbò

Awo ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ sísáré jáde, torí ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń fara gbọgbẹ́ nínú ìmì tí kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo Lorca, ní Sípéènì, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ìmì 4.5 kọ́kọ́ wáyé ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì tó wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí 5.1 dé. 5.1 kì í ṣe ńlá rárá, àmọ́ kò jìn sílẹ̀, ènìyàn 9 ló sì kú. Ohun tó pa púpọ̀ nínú wọn ni bíríkì, kọnkéré àti ọ̀ṣọ́ iwájú ilé tó já lulẹ̀ sójú pópó. Etí òrùlé, odi kékeré orí dẹ́kì, táìsì ara ògiri ìta, gíláàsì fèrèsé: àwọn wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ já, ẹsẹ̀ ògiri níta ni gbogbo wọn sì ń bọ́ sí. Ẹni tó sáré jáde ń sáré gba abẹ́ wọn kọjá ni.

Yàtọ̀ sí èyí, ìmì 3 tàbí 4 kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ó ti tán, àtẹ̀gùn ni ẹ ó kàn fi ẹsẹ̀ kọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ara ti mọ̀ kí ó tó mì nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ gbì yẹn, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò pọ̀ sí i. Àárín ìgbì àkọ́kọ́ sí ìkejì nìkan ni àkókò tí ẹ ní. Ẹ sọ ara yín kalẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún kó tó gbé yín ṣubú. Ẹ fi apá kan bo orí àti ẹ̀yìn ọrùn, ẹ rá wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì di ẹsẹ̀ tábìlì náà mú. Dídi ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kì í ṣe àṣejù: tábìlì máa ń rìn lórí táìsì bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹni tí kò dì í mú á wá rí ara rẹ̀ ní gbangba. Bí kò bá sí tábìlì, ẹ lọ bá ògiri inú ilé tó jìnnà sí gíláàsì àti kọ́bọ́ọ̀dù gíga, ẹ tẹ̀ ba, ẹ fi apá méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn.

Bí ẹ bá wà lórí ibùsùn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí bo orí. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn ni gíláàsì máa ń gún lẹ́sẹ̀. Ẹ fi bàtà tó le nísàlẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì sínú àpò kékeré kan, kí ẹ so àpò náà mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Bí ẹ kò bá so ó mọ́ ọn, ìmì á tì í lọ sí ìkángun yàrá kejì, ìgbà yẹn gan-an lẹ sì máa nílò rẹ̀.

Màmá: ẹ má fipá mú wọn kúnlẹ̀. Kí wọ́n jókòó sórí àga wọn, kí wọ́n tẹ orí sílẹ̀ dé ibi tí ẹ̀yìn bá gbà, kí wọ́n fi apá bo ẹ̀yìn ọrùn. Bí ìrọ̀rí bá wà lórí àga, kí wọ́n gbé e lé orí. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí àga tí wọ́n sábà máa ń jókòó sí má ṣe wà lábẹ́ fèrèsé, àwòrán oníférémù tàbí àpótí ìwé. Bí wọ́n bá ń lo àga onítáyà, kí wọ́n kọ́kọ́ ti bíréèkì táyà méjèèjì, kí wọ́n tó bo orí.

Àwọn ọmọ: bí ìmì bá le, ẹ kò ní lè rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe, kí ẹ sì máa pariwo rẹ̀ fún wọn láti ibi tí ẹ wà: "Wólẹ̀! Bo orí! Di ẹsẹ̀ tábìlì mú!" Ẹ fi ṣeré pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà wọ́n.

Bí ẹ bá ń dáná, tí ọwọ́ yín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ sítóòfù, ẹ pa á. Bí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìkòkò gbígbóná léwu ju iná tó ń jó lábẹ́ rẹ̀ lọ nígbà yẹn. Nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà, ẹ jáde níbi àkọ́kọ́ tó bá ṣí. Nínú mọ́tò, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe lábẹ́ afárá, òpó iná tàbí wáyà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ jókòó sínú rẹ̀ títí yóò fi tán. Bí ẹ bá ti wà níta tẹ́lẹ̀, ẹ dúró síta, kí ẹ jìnnà sí ilé tó, kí ohun tó bá já lára rẹ̀ má lè bà yín.

---

Sùúrù_Baba

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ àwa nìyẹn. Wọ́n ní ká dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, pé férémù rẹ̀ ló le jù nínú ilé. Fídíò kan náà wà tó ń lọ káàkiri tó ní abẹ́ tábìlì ń pa ènìyàn, pé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì tàbí ìjókòó ńlá ló yẹ ká sùn sí, torí bí òrùlé bá wó lé e, àyè onígun mẹ́ta á ṣẹ́ kù níbẹ̀.

---

Olùkọ́_Ààbò

Ó dáa bí ẹ ṣe gbé e wá, ọ̀pọ̀ ló gbà á gbọ́.

Ti ẹnu ilẹ̀kùn wá láti inú àwòrán ilé alámọ̀ àtijọ́ tó ti wó tán, tó jẹ́ férémù onígi nìkan ló dúró. Nínú ilé òde òní, ẹnu ilẹ̀kùn kò le ju ibòmíràn lọ. Kò sí ohun tó bo orí yín níbẹ̀, ilẹ̀kùn á sì máa gbá yín bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé.

Ti onígun mẹ́ta ní àṣìṣe méjì. Ó rò pé gbogbo ilé ló ń wó, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan tó ń já láti òkè àti nǹkan tó ń dojú dé ló ń ṣe ènìyàn léṣe nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìmìtìtì ilẹ̀, ilé fúnra rẹ̀ á sì dúró. Ó tún rò pé fíríìjì máa dúró sójú kan dè yín. Ẹ lọ ti fíríìjì yín láti òkè kí ẹ wò ó: ohun tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ló ń kọ́kọ́ ṣubú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni fídíò náà ní kẹ́ ẹ sùn sí.

Ibì kan wà tí òfin "ẹ má sáré" yìí ti yí padà, mi ò ní fi pa mọ́: ilé alámọ̀ tàbí ti bíríkì tí kò ní irin, tí òrùlé rẹ̀ sì wúwo. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè wó pátápátá, tábìlì kò sì lè gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá wà nísàlẹ̀ ilé, tí ẹnu ọ̀nà wà ní ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan sí yín, tí ìta sì jẹ́ gbangba tí kò sí ògiri tàbí wáyà, ẹ jáde kíá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá sí, ẹ wólẹ̀ síbi tí ẹ wà.

---

Ọ̀gá_Bíríkìlà

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ògiri àti ẹrù ilé.

Sísán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: igun fèrèsé ni ògiri ti máa ń kọ́kọ́ là, ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí kò sí ìmìtìtì ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹrù ògiri ń yí gbà. Nítorí náà wíwà rẹ̀ níbẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wo inú ojú sísán náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí eruku, ọ̀dà tàbí ìtàkùn aláǹtakùn bá wà nínú rẹ̀, ó ti pẹ́. Bí inú rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tí etí rẹ̀ mú, tí ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tuntun ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò tó mílímítà 1, orí ìrẹ́ ògiri ni ó sábà máa ń mọ. Ọ̀dà á bò ó. 1 sí 5, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ju 5 lọ, tàbí tó yọ sí ìhà kejì ògiri, ẹ pe ẹnjiníà. Àwọn kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ mílímítà rárá: sísán tó ṣe X láàárín fèrèsé méjì, sísán ní ibi tí òpó àti bíìmù ti pàdé, kọnkéré tó bọ́ kúrò lára òpó tí irin rọ́ọ̀dù fi hàn síta, ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá há, ògiri tí ẹ fi okùn ìwọ̀n wò tí kò dúró ṣánṣán mọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ kó ènìyàn jáde ná, ẹnjiníà lẹ́yìn.

Bí ẹ ṣe máa ṣọ́ ọ: ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí orí kọ̀ọ̀kan ibi tí sísán náà dópin, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ fa ìlà méjì tó kọjú síra lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, ẹ fi rúlà wọn àárín wọn, ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú rúlà náà nínú rẹ̀. Ọ̀nà àwọn àgbà wà tó tún dájú ju rúlà lọ: ẹ gé gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, ẹ fi sìmẹ́ńtì lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri kó dábùú ojú sísán náà. Ẹ ha ìrẹ́ kúrò ní ojú ibi tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, kó lè di búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ mú. Gíláàsì kì í nà. Bí ògiri bá sún díẹ̀ báyìí, á kán.

Ẹrù ilé ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé jù. Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ṣẹ́ẹ̀fù èyíkéyìí tí gíga rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ìbú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Irin onígun L méjì, lókè, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Súkúrúù tó bá mọ sínú ìrẹ́ nìkan á fà yọ bí eyín ọmọdé. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ohun tó le, kọnkéré tàbí igi, tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́yìn ìrẹ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò ń tan ènìyàn jẹ: ẹ̀rọ ìlu-ihò á wọlé wẹ́rẹ́, ẹ ó rò pé ó ti mú, àṣé inú ihò lẹ kàn bọ́ sí. Pulọ́ọ̀gì tó ń là nínú ihò tàbí bóòtì tó yọ sẹ́yìn pẹ̀lú wáṣà ńlá ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi gbogbo ara fa orí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Bó bá mì, ẹ tún un ṣe.

Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà. Tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi okùn ọ̀rá líle so ó mọ́ ẹ̀yìn. Àwòrán oníférémù, ẹ má fi ìṣó lásán gbé e kọ́. Ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ dé ni. Lókè ibùsùn, kí nǹkan kan má sí. Ẹ̀rọ amómigbóná tó dúró lórí ẹsẹ̀ ń fẹ́ ìdè irin méjì, ọ̀kan ní ìdá mẹ́ta òkè, ọ̀kan ní ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ibi tí à ń yí ooru rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé tánkì omi orí òrùlé: lítà 1,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gbáko lókè orí yín. Bí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kò bá ní irin ìdábùú tó dì í lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

---

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá wa. A ti wọ̀n ọ́n: mílímítà 2, ó dábùú láti igun fèrèsé lọ sókè, kò yọ síta. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ku ọ̀rọ̀ gáàsì. Sílíńdà wa dúró lásán nínú ilé ìdáná. Bó bá tún mì, kí la kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò? Ṣé fóònù lè kìlọ̀ fún wa ṣáájú? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé létí òkun sì ń béèrè bóyá omi lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

---

Nọ́ọ̀sì_Òru

Sílíńdà: ẹ fi ṣéènì tàbí bẹ́líìtì líle so ó mọ́ ògiri ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, kó sì dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Rọ́bà tó ń gbé gáàsì gbọ́dọ̀ sọ̀ díẹ̀. Èyí tó nà tan ló ń já nígbà tí sítóòfù bá sún. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì pa á sí ẹnu sílíńdà àti orí rọ́bà méjèèjì. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Gbogbo àgbà ilé ló gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí à ń yí i sí láti pa á, kódà nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn tí mímì bá dúró, bàtà ni ohun àkọ́kọ́. Ẹ wo ara yín kí ẹ tó wo ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, imú: bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, tàbí tí ẹ gbọ́ bó ṣe ń sú, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó ti tàn, torí ìtanná kékeré inú súwíìṣì tó láti dá iná. Ẹ pa ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde. Bó bá jẹ́ gáàsì tó ń gba páìpù wọlé láti ìta, ẹ má pa á bí kò bá jò, torí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ dá a padà, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó dé bí gbogbo àdúgbò bá ń pè wọ́n. Ẹ rọra ṣí kọ́bọ́ọ̀dù; ohun tó ti yí sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ á já lé yín lórí. Fún ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ó máa ń kọjá nígbà tí ìpè kò lè wọlé.

Omi: lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Ènìyàn márùn-ún, lítà 60. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú ike ńlá kan tó lè là. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ pa kòkòrò inú omi tó mọ́ gaara, bílíìsì tí kò ní lọ́fínńdà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kán ẹ̀kán 2 sí lítà kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi náà bá dà rú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sọ ẹ̀kán náà di 4.

Ìmì àtẹ̀lé kì í ní àkókò, àmọ́ ó ní ìṣe. Iye rẹ̀ máa ń já sílẹ̀ kíákíá: ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ lè máa retí bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọjọ́ kìíní. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó tóbi jù nínú wọn máa ń kéré sí ìyá wọn ní bíi 1.2. Ògiri tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù wọn fún.

Ìkìlọ̀ fóònù: ó wà. Google bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sórí Android ní 2020. Ohun tó ń mọ ìṣípòpadà nínú fóònù tó dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì ló ń gbọ́ ìgbì àkọ́kọ́, bí ọ̀pọ̀ fóònù ibì kan náà bá sì gbọ́ ọ pọ̀, ìkìlọ̀ á jáde. Japan ti ní èyí tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti 2007. Ṣùgbọ́n àwọn tó jìnnà díẹ̀ ló ń jèrè rẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan. Ẹni tó wà lókè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí ti yín yìí, mímì á dé kí fóònù tó dún. Fún àwọn kékeré, kì í sábà kìlọ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n tó wà létí òkun: ìmì 3 kì í gbé òkun dìde. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa kà ni bó ṣe pẹ́ tó, kì í ṣe bó ṣe le tó. Ní 1896, ní etíkun Sanriku ní Japan, mímì náà rọ̀, ó sì pẹ́. Ọ̀pọ̀ kò kà á sí. Omi dé lẹ́yìn bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó pa ènìyàn bíi 22,000. Bí ilẹ̀ bá mì ju 20 ìṣẹ́jú-àáyá lọ létí òkun, ìbáà rọra mì, tàbí tí omi bá fà sẹ́yìn lójijì, kí wọ́n má dúró de ìkéde. Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sórí ilẹ̀ tó ga tó mítà 30, tàbí kí wọ́n fi kìlómítà 3 jìnnà sí òkun, kí wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí àwọn aláṣẹ yóò fi ní kí wọ́n padà. Ìgbì kejì tàbí ìkẹta máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà mìíràn.

---

Ọ̀gá_Bíríkìlà

Ìyá Ìbejì, mílímítà 2 tí kò yọ síta, tó sì dábùú láti igun fèrèsé: ẹ lè máa sùn nínú ilé. Ẹ lẹ gíláàsì náà mọ́ ọn lónìí. Ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ńtì rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó gbára lé e. Ẹ má tíì fi sìmẹ́ńtì dí ojú sísán náà o. Bẹ́ ẹ bá dí i báyìí, ẹ kò ní mọ̀ bó bá tún ń là. Oṣù mẹ́ta tí gíláàsì kò kán ni kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ ní àwòrán V, kẹ́ ẹ fi omi rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì dí i. Bó bá kán ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, kí ẹ gbé e fún ẹnjiníà.

---

Awo_Àpáta

Kí n fi èyí kún un: ẹ kọ aago tí ẹ gbọ́ ìmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí ẹ wà nínú ilé, àjà kelòó, bóyá ẹ jókòó ni àbí ẹ dúró, ohun tó dún àti ohun tó ṣubú. Àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, USGS, ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba irú ìròyìn yìí láti ibikíbi láyé. Ibi tí ibùdó ẹ̀rọ kò pọ̀ sí, ìròyìn àwọn ará àdúgbò ni wọ́n fi ń ya àwòrán ibi tó mì jù. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan náà, kó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.